Àfòmọ́ Lórí Àfòmọ́

Ọmọ mi kò fẹ́ jẹun, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, nítorí ìyá ọkọ mi sọ pé ọmọ tó bá ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀ kò tún ní nǹkan í gbà ní àyà ìyá rẹ̀. Ẹ̀kọ, ó tu ú. Ẹ̀wà tí mo lọ̀ kúnná, ó tu ú. Mo po mílíìkì, ó pa ẹnu dé bí ẹni tó ń gbààwẹ̀. Àyà mi kún, ó ń ro mí, aṣọ mi ń tutù lójú gbogbo èèyàn, ọmọ sì ń rù lójú mi. Ẹja nìkan ló ń mú kó la ẹnu. Bó bá ti gbóòórùn àrọ̀ nínú ọbẹ̀, á rìn tàgétàgé wá sídìí àdògán, á máa pariwo "ja, ja, ja," títí màá fi yọ egungun kúrò, tí màá fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí màá sì fi í sí i lẹ́nu.

Bí mo ṣe di oníbàárà obìnrin kan nìyẹn, tó máa ń gbé àrọ̀ tútù wá láti ọ̀nà Òfosù. Inú báàfù olómi ló ń kó wọn sí láàyè, wọ́n á máa lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n á máa fi irùngbọ̀n wọn kan etí báàfù. "Ìyá ọmọ, èyí tó sanra yẹn ni kí o mú," á ní. "Ẹja tó bá sanra, kò sí àrùn lára rẹ̀." Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, nínú òjò àrọ̀kúrò, mo jókòó lẹ́yìnkùlé, mo la ikùn ọ̀kan nínú àwọn àrọ̀ náà. Nínú ìfun rẹ̀ ni mo ti rí nǹkan funfun kan, pẹlẹbẹ, ó gùn bí okùn bàtà. Mo rò pé ọ̀rá ni. Mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gbé e, ó sì ká ara rẹ̀ jọ. Ẹja ti kú. Mo ti fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lù ú lórí títí tí kò fi mira mọ́, àmọ́ nǹkan inú rẹ̀ kò mọ̀ pé ilé ti wó lé òun lórí.

Ọmọ wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń na ọwọ́ sí i. "Ja."

Ẹja láti inú báàfù kan náà ló jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àti láti ìgbà náà ni ìgbẹ́ rẹ̀ ti ń dà gbuuru. Mo ti ń sọ fún ara mi pé bóyá omi ni, bóyá ooru. Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí mo ṣe se ẹja ọjọ́ náà. Ṣé ó jinná dáadáa? Kẹrosíìnì inú sítóòfù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́jọ́ yẹn, iná ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kú. Ṣé ó jinná dé inú?

Mo pe ọkọ mi. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tuntun tí wọ́n kọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Ó jáde tòun ti táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo nǹkan náà, ojú rẹ̀ sì tàn bí ojú ọmọdé tó rí eré.

"Má sọ ọ́ nù o! Bá mi wá ìgò."

"Ọmọ yín ti jẹ irú rẹ̀, ẹ̀yin ń wá ìgò?"

"Ìgò ni n óò fi mọ ohun tó jẹ. Èyí tí wọ́n fi ta oògùn ikọ́ yẹn, ṣé ó ti ṣófo?"

Mo fọ ìgò náà fún un.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an la gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ, èmi, òun, àti ọmọ lẹ́yìn mi. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan níbẹ̀. Yàrá sáyẹ́ǹsì ṣì ń rùn ọ̀dà. Ọkọ mi gbé ẹ̀rọ kan jáde nínú àpótí onígi, irú èyí tí mo rí nígbà tí mo wà níléèwé, tí olùkọ́ wa ń tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni pé wúrà ni: awò tó ń sọ ohun tó kéré di ńlá. Ó fi háńkáṣíìfù nù ún, ó gé díẹ̀ lára aràn náà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó yí dígí abẹ́ rẹ̀ síbi fèrèsé títí ìmọ́lẹ̀ fi bọ́ sí i.

"Wá wò ó."

Irun ìpéǹpéjú ara mi ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni nǹkan là. Mo rí ara aràn náà bí ẹní tí wọ́n hun, ní ẹsẹẹsẹ, ní ẹsẹẹsẹ. Nínú àwọn ẹsẹẹsẹ náà, àwọn hóró kéékèèké kan kún bámúbámú.

"Ẹyin rẹ̀ nìyẹn?" mo bi í.

"Ẹyin rẹ̀ ni èyí tó tóbi. Wo ẹ̀gbẹ́ apá òsì. Àwọn tó rí bí ekuru yẹn. Ó jọ pé àwọn yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn yẹn ń jẹ ẹ́ ni."

"Ta ló ń jẹ ta?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé nǹkan wà tó ń gbé inú ẹja tó ń jẹ ẹja, pé nǹkan mìíràn tún wà tó kéré jù ú lọ, tó ń gbé inú èyí tó ń gbé inú ẹja, òun náà ń jẹ ẹni tó gbà á sílé. Ó ní òun kà á nínú ìwé ni, òun kò rí i rí títí di òní, àti pé ká ní òun ní awò tó lágbára ju èyí lọ, òun ì bá búra sí i. Ó ń dùn mọ́ ọn gan-an. Ó ti ń wá pẹ́ńsù láti yà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ bí ikùn rẹ̀ ṣe ń kùn mọ́ mi lẹ́yìn.

"Àwọn ekuru yẹn, ṣé wọ́n lè wọ inú ọmọ?"

"Ó jọ pé wọn ò lè wọ̀ ọ́."

"Ó jọ pé?"

"Ìyá ọmọ, èmi kì í ṣe dókítà."

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, mi ò rí ọ̀nà, mi ò rí òkè, mi ò rí ẹni tó ń kí mi. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò mọ ibi tó parí sí. Bí ẹja bá sanra, tí aràn wà nínú rẹ̀, tí nǹkan tún wà nínú aràn, ta ló fẹ́ sọ fún mi pé kò sí nǹkan nínú nǹkan yẹn náà? Ọmọ mi sì ti gbé gbogbo wọn mì pọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìyá ọkọ mi níbí. Orí òkè ni wọ́n bí i sí, láyé ìgbà tí ìlú ṣì wà lókè, èdè Ìdànrè ló sì ń sọ. Apá Iléṣà ni èmi ti wá. Mò ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbí ní Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, àmọ́ nígbà náà, ìdajì ohun tó bá sọ ni mo máa ń gbọ́, màá mi orí sí ìdajì tó kù. Mo lérò pé bẹ́ẹ̀ lòun náà ń ṣe fún mi. Aládùúrà ni. Ìjọ wọn kì í lo oògùn: àgbo ni o, abẹ́rẹ́ ni o, omi àdúrà àti òróró nìkan ni wọ́n ń lò. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní fẹsẹ̀ tẹ ọsibítù, kò sì tẹ̀ ẹ́ rí. Àmọ́ bí wọ́n bá rí ohun kan lójú ìran, tí ìran náà ní kí wọ́n lo ewé tàbí èso kan, wọ́n á lò ó, nítorí pé àṣẹ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti ibi gbígbá ilé àdúrà dé. Ó jókòó, ó ń ká sùtánà rẹ̀ lórí itan.

"Ìyàwó, wọ́n ní ẹ gbé ọmọ lọ sílé-ẹ̀kọ́ lónìí tí kò sí ẹ̀kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. A lọ wo ohun tó lè máa yọ ọ́ lẹ́nu ni."

"Ẹ wò ó? Níbo lẹ ti wò ó?"

"Nínú dígí kan. Òun ni wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí sùtánà. "Ohun tí ojú lásán kò lè rí," ó ní. "Kí lẹ wá rí?"

Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo wá ọ̀rọ̀ tí yóò yé e. Níléèwé wa, olùkọ́ tó kọ́ wa nípa ohun tó ń gbé lára ohun mìíràn, tó ń fi í ṣe oúnjẹ, igi kòkó ló tọ́ka sí lójú fèrèsé. Ó ní ẹ wo àfòmọ́ orí ẹ̀ka yẹn, kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ló ń bá tan. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo mú.

"Àfòmọ́ ni, Màmá. Àfòmọ́ mìíràn sì tún wà lórí àfòmọ́ náà."

"Àfòmọ́ lórí àfòmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ gan-an fi ojú rẹ rí i?"

"Ojú mi kòrókòró."

Ó gbé sùtánà náà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. "Ògo fún Ọlọ́run. Ìyàwó mi, mi ò mọ̀ pé ìwọ náà ń ríran."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìwé tí mo kà ni. Ó ti ṣe irú rẹ̀ sí mi rí. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì lọ pọn omi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, kò bá wa padà wálé. Mo rò pé àwọn aláìsàn ló lọ bẹ̀ wò. Ìgbẹ́ ọmọ kò yàtọ̀, ó tún wá gbóná díẹ̀ lára. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo pinnu pé ọsibítù ni. Ọmọ ń sùn, Màmá sì ní kí n má jí i, kí n kọ́kọ́ lọ gba nọ́ńbà. Mo ti gbọ́ pé wọ́n máa ń béèrè ìgbẹ́ ọmọ, nítorí náà mo bù ú sínú agolo kékeré kan, mo dé e, mo fi ọ̀rá wé e, mo sì gbé e dání bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn.

Ìlà gùn. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì tú ọ̀rá náà, ó wo agolo, ó wo mí.

"Ìgbẹ́ nìkan lo gbé wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Áńtí Nọ́ọ̀sì."

"Ẹni tó yà á ńkọ́? Àbí agolo yìí ni kí n gún lábẹ́rẹ́?"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. "Lọ gbé ọmọ wá, jàre."

Mo yára padà wálé, ojú ń tì mí. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà, òórùn kan pàdé mi, kíkan, bí ti ewé tí wọ́n sè pẹ́. Màmá jókòó sídìí àdògán, ọmọ mi wà lórí itan rẹ̀. Ètè ọmọ náà ti di àwọ̀ ewé. Ó ń lá ọwọ́ rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ fún un?"

"Ohun tí wọ́n fi hàn ẹ́."

"Ta ló fi kí ni hàn mí?"

"Àfòmọ́ lórí àfòmọ́." Ó ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó dé láti ìrìn àjò rere. "Ó ṣòro rí, ìyàwó mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rin gbogbo oko tán lánàá kí n tó rí ọ̀kan tí òmíràn hù sí lórí. Mo ní Olúwa, ìwọ lo pàṣẹ, ìwọ ni kí o fi hàn mí. Mo wòkè, òun nìyẹn. Mo sè é, ó sì mu ún láìsunkún."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Dígí. Ohun tí ojú lásán kò lè rí. Ojú mi kòrókòró.

"Màmá, èmi ò ríran. Aràn inú ẹja ni mò ń sọ. Ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́!"

"Ṣé ìwọ kọ́ lo pè é ní àfòmọ́ ni?"

"Èmi ni."

Mo gba ọmọ lórí itan rẹ̀. "Orí igi wo lẹ ti já a?"

"Níbo ni àfòmọ́ ń gbé bí kò ṣe orí kòkó? Oko wa ni."

Oko wa. Ọkùnrin kan tó wá láti apá Ọ̀yọ́, tí à ń pè ní ará oko, ló ń bá wa mójú tó oko náà, a jọ ń pín ohun tó bá so. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló wá jíṣẹ́ fún ọkọ mi pé òun ti fín oògùn sí kòkó láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Gbogbo wa la mọ bí oògùn kòkó ṣe rí. Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń fín in pé kó má fọwọ́ kan ẹnu, kó má jẹun lóko, kó bọ́ aṣọ sílẹ̀ kó tó gbé ọmọ. Mo rí i lójú Màmá pé òun náà ti rántí. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Mo fọ̀ ọ́," ó ní. "Mo fọ̀ ọ́ dáadáa." Lẹ́yìn náà, ní ohùn kékeré: "Èmi ni mo kọ́kọ́ mu ún, kí n tó fún un."

Mo gbé ọmọ pọ̀n. Nígbà tí mo dé títì, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Màmá ló ń bọ̀, láìwọ bàtà, ìborí rẹ̀ ti fẹ́ já bọ́.

"Màmá, ọsibítù ni mò ń lọ."

"Mo gbọ́. Máa rìn."

Ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ la gbà kọjá. Mo pe ọkọ mi lójú fèrèsé kíláàsì níwájú gbogbo ọmọ, ó sì jáde tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ṣọ́ọ̀kì náà ti di lẹ́búlẹ́bú láàárín ìka rẹ̀. Ó ní ká máa lọ, pé òun yóò gun alùpùpù lọ bi ará oko bóyá ìdí igi tí Màmá dé wà lára ibi tó fín, àti irú oògùn tó jẹ́.

Nọ́ọ̀sì àárọ̀ la tún bá. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ṣí ojú ọmọ, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó gbé etí lé e láyà.

"Oògùn wo? Èyí tó rí búlúù, tàbí èyí tó ń rùn?"

"A ò mọ̀. Bàbá rẹ̀ ti lọ béèrè."

"Àfi ká mọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń ṣe sí èyí, ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn. Dókítà sì wà ní Àkúrẹ́. Ẹ jókòó síbí tí n óò ti máa rí yín. Má jẹ́ kó sùn o."

Àkókò oorun ọ̀sán ọmọ mi nìyẹn. Ẹ fojú inú wò ó. Ojú rẹ̀ ń pa dé, mi ò sì mọ̀ bóyá oorun rẹ̀ ojoojúmọ́ ni tàbí oògùn kòkó. Mo ń fa etí rẹ̀. Mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. Mo ń kọ orin tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ó sunkún, inú mi dùn pé ó ń sunkún. Ó dákẹ́, mo fà á létí. Mo kórìíra ara mi bí mo ṣe ń fà á.

Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì ilé tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní wọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, bí ẹni pé simẹ́ńtì náà gbóná. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú láti mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

"Màmá, ṣé inú ń run yín? Ṣé òòyì ń kọ́ yín?"

"Wo ọmọ ná."

"Mo ti wo ọmọ. Ẹ̀yin ni mò ń bi."

"Bí nǹkan bá ṣe mí, mo ti jẹun tó láyé. Wo ọmọ."

Àmọ́ mo rí i pé òógùn wà ní iwájú orí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ òun náà. Ohun tó bá máa ṣe ọmọ, òun ni yóò kọ́kọ́ ṣe, nítorí òun ló kọ́kọ́ mu ún. Ó burú láti máa wo èèyàn bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń wo ìkòkò orí iná bóyá yóò hó. Òun náà mọ̀ pé mò ń wo òun. Kò yí ojú kúrò. Nígbà kan, ó tilẹ̀ yí ara rẹ̀ sí mi díẹ̀, kí n lè rí i dáadáa.

Ọkọ mi dé. Mi ò tíì bi í léèrè tí mo ti rí èsì lójú rẹ̀.

"Ó ní òun ti fín in. Gbogbo rẹ̀."

"Èwo?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Èyí tó ń rùn."

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó ní ká wá takisí, ká máa gbé àwọn méjèèjì lọ sí Àkúrẹ́ kíá. Ọkọ mi sáré jáde sí ẹnu ọ̀nà ọgbà. Màmá dìde, ó tún jókòó.

"Ẹ máa gbé ọmọ lọ," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n wà níbí. Bí takisí bá gbé èèyàn púpọ̀, kì í yá."

Mo di aṣọ rẹ̀ mú. "A jọ ń lọ ni, Màmá."

"Ìyàwó, fi mí sílẹ̀."

"Mi ò fi yín sílẹ̀."

Ibi tí a ti ń fa aṣọ yìí la wà nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan já wọ ọgbà ọsibítù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ògiri. Ará oko wa ni. Ẹrẹ̀ dé e lórúnkún, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọkọ mi tó ń pe takisí.

"Ẹ dákun, Tíṣà. Ẹ dákun. Irọ́ ni mo pa."

"Èwo nírọ́?"

"N ò fín in. N ò tíì fín ìkankan. Póńpù ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ̀rù bà mí pé ẹ óò gba oko lọ́wọ́ mi. Ẹ wá lónìí, ẹ bi mí bóyá mo ti fín in, mo ní mo ti fín in. Mo rò pé ẹ fẹ́ yẹ iṣẹ́ mi wò ni! Ẹ̀yìn tí ẹ lọ tán ni ìyàwó mi ní ó gbọ́ tí ẹ dárúkọ ọmọ."

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé èyí kì í ṣe irọ́?" nọ́ọ̀sì ní. Ó ti jáde, èmi àti ọmọ tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin náà tú okùn ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gbé agolo oògùn náà sílẹ̀ níwájú wa, ó sì tún dọ̀bálẹ̀. Wọn kò tíì ṣí i. Ìdérí rẹ̀ ṣì lẹ̀ bí wọ́n ṣe dì í. Nọ́ọ̀sì yí i po, ó fi èékánná ha ìdérí náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Agolo yìí nìkan lẹ fún un láti fín?"

"Òun nìkan ni," ọkọ mi ní.

"Òun nìkan ni," ará oko ní láti ilẹ̀.

Mo rí i tí ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè. Mo mọ̀ pé yóò gbá a létí. Ọwọ́ náà dúró lókè fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀, ó bá ọkùnrin náà bọ ọwọ́, ó ń bọ̀ ọ́ láìfi í sílẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò ṣe iṣẹ́ oko òun. Màmá jáde wá síta, ó gbé ọwọ́ lé e lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ìjọ wọn.

"Ọlọ́run yóò bù kún ìmẹ́lẹ́ rẹ," ó ní.

"Àmín, Màmá."

"Àmọ́ lọ tún póńpù ṣe."

Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ ká lọ. Ó ní àgbo kì í ṣe omi lásán, àfòmọ́ fúnra rẹ̀ sì lágbára, pé kí àwọn méjèèjì jókòó sí ojú òun títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà yẹn ni mo wá rántí láti bi í nípa aràn inú ẹja. Ó ní bí ẹja bá ti jinná, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti jinná pẹ̀lú rẹ̀. Ó ki ìka bọ ẹnu ọmọ mi, ó fi ra èrìgì rẹ̀.

"Fọwọ́ kan ibí."

Mo fọwọ́ kàn án. Nǹkan kan mú, ó le.

"Eyín ńlá ló ń hù. Po omi, fi iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà sí i, máa fún un mu. Kí o sì máa se ẹja rẹ kó jinná, ìwọ tó ń gbé ìgbẹ́ kiri ìlú."

Mo jẹ́ kí ọmọ sùn. Kò sí ohun tó dẹ́rù bà mí láyé mi tó ìgbà tí mo jẹ́ kó pa ojú dé yẹn. Mo gbé ọwọ́ lé e láyà, mo ń tẹ̀ lé e bó ṣe ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀. Màmá náà gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Òun náà ń tẹ̀ lé e.



"Ìyàwó."

"Màmá."

"Kí gan-an lẹ wá rí nínú dígí yẹn?"

Mo ronú dáadáa kí n tó yan ọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Aràn ni, Màmá. Aràn wà nínú ẹja. Aràn kékeré kan tún wà nínú aràn náà, tó ń jẹ ẹ́."

"Aràn nínú aràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rò ó títí. "Ẹni tó wà nínú ẹja yẹn, ta ni yóò wá fún un ní oògùn aràn?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, omijé sì bá a wá, mi ò lè dá èyíkéyìí nínú wọn dúró. Nọ́ọ̀sì na ọrùn wò wá láti ìdí tábìlì rẹ̀. Ọmọ náà mira díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ń sùn lọ. Àwa méjèèjì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì tún gbé ọwọ́ padà sí i láyà.